Ọ̀bẹ Iléyá Tí Mo Rọ fún Mọ́nsúrù

Télọ̀ ni mí ní Ṣakí. Aṣọ ni ọwọ́ mi mọ̀. Mo lè fi ojú lásán wọn ènìyàn, kí n gé bùbá rẹ̀, kí bùbá náà sì bá a mu. Ṣùgbọ́n tó bá ti kúrò lórí aṣọ, ẹ má pè mí sí i. Ìlẹ̀kùn tí mo tún ṣe nínú ilé mi, ẹ̀gbẹ́ la fi ń gbà á wọlé títí dòní. Àga tí mo kàn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àlejò tí ìyàwó mi kò fẹ́ kó pẹ́ ló máa ń gbé e fún.

Síbẹ̀, èmi Oyèlékè yìí kan náà ni mo jí lọ́jọ́ kan, lọ́dún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, tí mo ní n ó fi ọwọ́ ara mi rọ ọ̀bẹ fún ọ̀rẹ́ mi.

Mọ́nsúrù ni ọ̀rẹ́ náà, àgbẹ̀ onítábà. Ilé Mùsùlùmí ni tiwọn, ilé onígbàgbọ́ ni tiwa, ògiri kan péré ló sì wà láàárín agboolé méjèèjì nígbà tí à ń dàgbà. Ohun tí gbogbo àdúgbò fi mọ Mọ́nsúrù ni ẹ̀rín. Ẹ̀rín rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọ ilé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó lórí àga mi yẹn, tí àga gbé e ṣubú, orí ilẹ̀ ló wà tó ń rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti dìde. Inú bí mi díẹ̀, àmọ́ èmi náà bá a rẹ́rìn-ín nígbà tó yá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Àlàájì Ràmọ́nì, bàbá Mọ́nsúrù, kú láàárín òjò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, ẹ̀rín tán lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi. Yóò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, yóò gbé àpótí lọ sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, yóò máa wo títì. Mo rò ó tẹ́lẹ̀ pé atẹ́gùn ló ń wá tó fi máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà. N ó sọ ìtàn apanilẹ́rìn-ín fún un, yóò ní, "Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn." Ìtàn ajá tó gbé ṣòkòtò tíṣà lọ ni mò ń sọ o. Bí mo bá bu omi fún un, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, omi á dà sí i láṣọ. Ó bà mí nínú jẹ́ ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tí Iléyá ń sún mọ́ ilé, ó sọ ohun tó tún wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ ló máa ń dú àgbò agboolé wọn lọ́dọọdún, lójú gbogbo ilé. Òun ni àkọ́bí ọkùnrin, òun ló kàn. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àwáwù, ti sọ láàárín àwọn àgbà pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í ṣe ọwọ́ ìdúńbú, pé bí wọn kò bá dú àgbò náà dáadáa tó sì kú sí wọn lọ́wọ́, òkúǹbete ni, kò sẹ́ni tí yóò fi í kan ẹnu. Ó ní òun fúnra òun ni yóò dú u. Òun náà ni ọ̀bẹ ìdúńbú bàbá Mọ́nsúrù kàn nígbà tí wọ́n pín ogún. Gbogbo ilé ló sì mọ̀ pé ẹni tó bá dú àgbò lọ́dún tí bàbá kú ni ọmọ ilé yóò máa wá bá bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Mọ́nsúrù ní bóyá ó sàn kí òun kúkú fà á lé e lọ́wọ́. Ohùn tó fi sọ ọ́ kò yàtọ̀ sí ohùn tí ènìyàn fi ń sọ pé òjò ń bọ̀.

Inú bí mi. Mo ní kó má fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo ní ṣé tìtorí ọ̀bẹ ni? Ó ní kì í ṣe tìtorí ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ nìkan ni mo gbọ́.

Ọ̀bẹ kún inú ọjà o. Ìyápọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbá sì rọ èyí tó dára fún mi kí n tó jẹun àárọ̀ tán. Ṣùgbọ́n mo ti rí gbogbo rẹ̀ lọ́kàn mi: wọ́n á dú àgbò, àwọn èèyàn á bèèrè pé ta ló rọ irú ọ̀bẹ yìí, Mọ́nsúrù á nawọ́ sí mi, èmi á sì máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n yin òun. Wíwo ilẹ̀ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, kí n tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀mú mú.

Ìyápọ̀ wo ìka mi nígbà tí mo débẹ̀, ó ní ọwọ́ abẹ́rẹ́ nìyí. Mo ní kó máa wò mí. Ó gé irin kan fún mi lára sìpíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti kú, ó fi í sínú iná, ó ní kí n máa fọn ẹwìrì. Mo fọn ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí eérú fi bò mí lójú, oníbàárà mi kan sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó kí Ìyápọ̀, ó kí mi ní "baba arúgbó". Nígbà tí irin pọ́n, mo gbé ọmọ owú sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú agbára. N kò ba irin. Ọmọ owú ta padà, díẹ̀ ló kù kó bá mi níwájú orí. Ìyápọ̀ rọra gbé àpótí rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ má gbàgbé pé àsìkò Iléyá ni. Àsìkò yẹn gan-an ni aṣọ máa ń kún ṣọ́ọ̀bù télọ̀ dé àjà. Tèmi náà kún. Mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn, mo wà nílé alágbẹ̀dẹ tí mò ń lu irin. Àsíátù, obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ládùúgbò wa, ló tọpa mi débẹ̀. Ó fẹ́ mọ ibi tí a bá iṣẹ́ dé lórí ìró àti bùbá rẹ̀. Mo fi ẹ̀mú hàn án, mo ní iṣẹ́ pàtàkì ni mò ń ṣe. Ó wo irin tó wọ́ lọ́wọ́ mi, ó wo mí, ó ní òun á pàdé mi.

Irin náà wọ́ lóòótọ́. Bí mo bá lù ú lápá ọ̀tún, á yẹ̀ sí òsì, bí mo bá sì lù ú lápá òsì, kò ní padà. Lọ́jọ́ kan mo jáde lọ tọ̀, nígbà tí mo wọlé padà, mo rí i pé ọ̀bẹ ti gún díẹ̀ sí i, ó tún ti tẹ́ lẹ́nu. Mo ní iná ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún irin tó bá fara balẹ̀. Ìyápọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jáde lọ tọ̀ lóòrèkóòrè.

Ohun kan wà tí n kò fi ṣeré rárá, ìyẹn ni ẹ̀sìn ọ̀rẹ́ mi. Lọ́jọ́ tí a ri ọ̀bẹ bọ omi tó sì le, Ìyápọ̀ bu ọtí sínú ife, ó fẹ́ wọ́n ọn sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe. Mo fò dìde, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní ọ̀bẹ Mùsùlùmí nìyí, ọ̀bẹ Iléyá, ọtí kò gbọdọ̀ kàn án. Mo wàásù fún un dáadáa. Mo ṣàlàyé ohun tó mọ́ àti ohun tí kò mọ́, ohun tí Mọ́nsúrù ń jẹ àti èyí tí kì í jẹ. Ìyápọ̀ tẹ́tí sí mi tán, ó gbé ọtí rẹ̀ mu.

Ó wá ku èèkù. Ìyápọ̀ ní igi apá ni òun máa ń lò. Mo ní rárá, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ iṣu ló ń lo igi. Eyín kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ó gùn, ó tẹ̀ kọdọrọ, ó funfun bí ẹ bá nù ún. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí i mọ́, tépù tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo máa ń fi kọ́ ọ. Mo sáré lọ mú un wá. Inú rẹ̀ ní ihò láti ìdí, bí ẹni pé tìtorí ọ̀bẹ gan-an ni wọ́n ṣe dá a.

Ìyápọ̀ gba eyín náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó bi mí pé ṣé eléyìí gan-an ni. Mo ní òun ni. Ó tún bi mí pé ta ni mo ní ó ni ọ̀bẹ ọ̀hún. Ó sú mi. Mo ní kó jọ̀ọ́ dojú kọ irin rẹ̀, kó fi ẹwà sílẹ̀ fún ẹni tó ń rán aṣọ. Ó ní ó dáa. A yọ́ ọ̀dà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì, a dà á sínú ihò eyín, a ti ìrù ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó gan. Mo fi ewé ìpín ha eyín náà títí tó fi ń dán. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀bẹ náà wù mí débi pé mo gbé e sùn.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú Iléyá, kí oòrùn tó wọ̀, mo fi aṣọ funfun wé e, mo gbé e lọ bá Mọ́nsúrù nínú yàrá rẹ̀. Mo tún ṣe é bó ti yẹ kí wọ́n ṣe é. N kò fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́, kí ìjà má baà wọ àárín wa. Orí ẹní ni mo gbé e sí, mo ṣí aṣọ rẹ̀, mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un.

Mọ́nsúrù wo ọ̀bẹ. Ó wo èèkù rẹ̀. Ó gbójú sókè wo mí, ó tún wo èèkù. Ó rọra fi aṣọ tí mo fi wé e dì í mú, kò jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kàn án, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó mọ iyì nǹkan nìyí, kò fẹ́ kí òógùn ọwọ́ òun ba dídán rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ kejì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Omi lé sí mi lójú. Mo sún mọ́ ọn, mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Mo ní kó má pa ẹkún mọ́ra mọ́, kó sunkún tẹ́rùn. Mo ní bàbá rẹ̀ ń wò wá, bàbá rẹ̀ sì ti rí ọ̀bẹ yìí. Nígbà tí mo sọ ti bàbá, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ó fi ohùn tó há lọ́fun sọ pé, "O ṣé, Oyè," ó sì kọjá lọ sínú yàrá inú, ó ti ìlẹ̀kùn. Mo lọ sílé, àyà mi yọ síta.

Mojọlá ìyàwó mi mú tépù lọ́wọ́ nígbà tí mo délé. Ó ní orí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lòun ti rí i, pé níbo ni eyín ìmàdò tó wà lára ògiri wọlé sí.

Ìmàdò. Ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó. Ẹ̀gbọ́n Mojọlá tó ń dẹ̀gbẹ́ ní Ofiki ló pa á fún ọdún Kérésìmesì kan, tó gbé itan rẹ̀ àti eyín yẹn wá fún wa. Èmi ni mo jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èmi náà ni mo kan eyín mọ́ ògiri. Mọ́nsúrù wọlé lọ́jọ́ yẹn, ó rí i, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń gbé àpótí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Atẹ́gùn kọ́ ló ń wá.

"Bàbá Olúfẹ́mi," ni Mojọlá wí, ó ti jókòó, "ẹ ẹ̀ ní fi ìmàdò ṣe èèkù ọ̀bẹ Iléyá fún Mọ́nsúrù."

Mo ní mo ti fi ṣe é. Mo ní mo tilẹ̀ ti bá Ìyápọ̀ jà tìtorí ọtí. Kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ní kí n padà lọ gbà á kíá. Mo padà lọ lóòótọ́, mo rí Bàbá Àwáwù àti àwọn àgbà ilé tí wọ́n ti tẹ́ ẹní síwájú ilé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀la. N kò lè gba àárín wọn kọjá kí n ní mo wá gba ẹlẹ́dẹ̀ mi. Mo kí wọn kú ìmúra ọdún, mo yí padà. Mo ní n ó mú Mọ́nsúrù lọ́nà láàárọ̀, kí wọ́n tó lọ sí yìdì.

Ẹni tí mo pàdé láàárọ̀ ni Àsíátù. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà mi, ó jókòó lé e, àwọn mìíràn tó ń dúró de aṣọ sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun kò ní dìde títí n ó fi rán ẹsẹ̀ ìró òun tán. Mo ní nǹkan ńlá ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ nílé Mọ́nsúrù. Ó ní nǹkan ńlá ti ṣẹlẹ̀ sí òun náà, òun kò ní aṣọ ọdún. Mo jókòó ti ẹ̀rọ. N kò tíì rán aṣọ burúkú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí mo fi rí àyè jáde, wọ́n ti kírun yìdì dé.

Mo sáré. Òwú aláwọ̀ pupa kọ́ mi lọ́rùn, abẹ́rẹ́ wà láyà bùbá mi. Bí mo ṣe yọ sí agboolé wọn, gbogbo ilé ti pé, àgbò ti wà nílẹ̀, wọ́n ti kọ ojú rẹ̀ síbi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, Mọ́nsúrù sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Mo rí irin ọ̀bẹ mi tó ń dán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́nsúrù, dúró," ni mo ké. "Ìmàdò ni."

Bàbá Àwáwù yíjú sí mi, ó ní kí ni ìmàdò. Ẹ̀rù bà mí, nígbà tí ẹ̀rù bá sì bà mí, ọ̀rọ̀ mi máa ń pọ̀. Mo ṣàlàyé èèkù fún wọn. Mo ṣàlàyé eyín, mo ṣàlàyé ẹ̀gbọ́n Mojọlá ní Ofiki. N kò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi dé orí ọbẹ̀ Kérésìmesì, tí mo sì sọ pé ata rẹ̀ pọ̀. Àwọn obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá Àwáwù kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí Mọ́nsúrù dìde, pé ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ wà nínú yàrá òun, kí wọ́n lọ gbé e wá. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Mo ti fi ẹnu ara mi gba àgbò náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Mọ́nsúrù kò dìde. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí ọ̀bẹ. Igi ni èèkù rẹ̀, igi dúdú kan tí ọwọ́ ti jẹ títí tó fi ń dán.

"Ẹ̀rúkọ́ bàbá mi ni mo gé, Bàbá," ni ó wí. "Mo ti yọ eyín yẹn láti àná. Mo fi eérú àti omi fọ irin náà tó mọ́ kí n tó tì í bọ igi. Ọ̀bẹ yìí mọ́, èmi náà sì ti ṣe àlùwàlá. Tó bá jẹ́ pé Oyè kò dé ni, à bá ti máa bó awọ ẹran báyìí."

Bàbá Àwáwù gba ọ̀bẹ. Ó fi àtàǹpàkò ra igi náà lọ, ra igi náà bọ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà, torí pé ọkọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, òun náà ti bá a roko rí. Ó wá bèèrè pé ta ló rọ irin rẹ̀.

Mọ́nsúrù nawọ́ sí mi. "Oyè ló rọ ọ́."

Gbogbo wọn wò mí. Àsìkò tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá náà nìyẹn. Mo wo ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ wò ó. Bàbá Àwáwù gbé ọ̀bẹ sókè, ó di ojú kan, ó fi ojú kejì wo bó ṣe wọ́ láti ìdí dé ẹnu. Ó ní, "Ó hàn." Ó fi ẹnu ọ̀bẹ kan èékánná, ó rí i pé ó mú. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú Mọ́nsúrù. Ó ní kó ṣe Bísímílà.

Mọ́nsúrù ní kí n wá di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, pé mo ti pariwo tó. Mo dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, torí mo mọ bó ṣe máa ń gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Ó dárúkọ Ọlọ́run, ó fi ọ̀bẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àgbò ta mí nípàá láyà, mo fi ìdí jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀, àwọn ará ilé sì ń kí Mọ́nsúrù kú iṣẹ́, wọ́n ń pe oríkì bàbá rẹ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n ti ń kun ẹran, òun àti èmi jókòó sábẹ́ igi, ó ń fọ ọwọ́. Ó fi bébà wé eyín ìmàdò fún mi, ó fi igi ti bébà náà sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n lọ fi tépù mi kọ́ ọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó foríjì mí, pé mo fi ohun tí kò mọ́ mú ọkùnrin sunkún lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún.

"Ta ló sunkún?" ni ó bi mí. "Ẹ̀rín ni, Oyè. Mo ń pa á mọ́ra kí o má baà bínú. Ìgbà tí o wá gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, tí o ní kí n sunkún tẹ́rùn, tí o ní Bàbá ti rí ọ̀bẹ náà, mo rò pé n ó kú ni. Mo wọ yàrá inú lọ, mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi wá ń gbá ìlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá, n ò tíì rẹ́rìn-ín rí. Nígbà tí mo rín in tán, mo bu omi mu, mo rí i pé omi ò dà sí mi láṣọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi ni n ó dú àgbò Bàbá mi, mo sì lọ sọ ọ́ fún àwọn àgbà."

Mo kàn ń yí eyín náà lọ́wọ́. Ó wo mí, ó wo òwú pupa tó ṣì kọ́ mi lọ́rùn, ó wo iyẹ̀pẹ̀ tó wà nídìí ṣòkòtò mi, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi ọwọ́ bo ojú, ó rín in síta, irú èyí tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kun ẹran fi gbórí sókè, tí ìyá rẹ̀ sì jáde láti inú ilé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó. Mo jókòó síbẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ mi, mo jẹ́ kó fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.